Dolores del Río: ibo ni kí ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn òṣèrébìnrin Mẹ́síkò yìí?

Fọláṣadé_Akọ̀wé

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ìwé ìròyìn kékeré kan tí àwọn ọ̀dọ́ òṣèré orí ìtàgé ń tẹ̀ jáde lédè Yorùbá ní kí n kọ nípa òṣèrébìnrin kan láti ilẹ̀ òkèèrè. Mo yan Dolores del Río, ọmọ Mẹ́síkò, nítorí pé ó ti wà nídìí iṣẹ́ yìí láti ìgbà tí sinimá kò tíì ní ohùn, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di ọdún 1978. Ojú ìwé méjì péré ni wọ́n fún mi.

Wàhálà mi ni pé bí mo ṣe ń kà nípa rẹ̀ sí i ni ọ̀rọ̀ náà ń díjú sí i. Ibì kan ní ọdún 1904 ni wọ́n bí i, ibòmíràn ní 1905, mo sì tún rí 1908. Àwọn kan kọ̀wé nípa rẹ̀ bí ẹni pé Hollywood ni gbogbo ayé rẹ̀, tí Mẹ́síkò sì kàn jẹ́ ibi tó lọ fẹ̀yìn tì sí. Àwọn mìíràn ò ka ohun tó ṣe ní Hollywood sí nǹkan kan rárá. Iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìtàgé, tó jẹ́ ohun tí àwọn òǹkàwé mi ń fẹ́ gbọ́ jù lọ, gbólóhùn kan tàbí méjì ni wọ́n máa ń fi kọjá lára rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, kí ni kí n sì fi sílẹ̀? Kí ló sì mú un kúrò ní Amẹ́ríkà gan-an?

Ọmọ_Sinimá

Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí Fọláṣadé. Ọdún 1904 ni kí ẹ kọ: ọjọ́ 3 oṣù August, ní ìlú Durango, ní apá àríwá Mẹ́síkò. Ní ti ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ọdún 1925 ni èmi yóò mú. Bí kì í bá ṣe pé Edwin Carewe, olùdarí sinimá kan láti Amẹ́ríkà, rí i níbi tó ti ń jó ní Mexico City lọ́dún náà, tó sì rọ̀ ọ́ pé kó wá sí Hollywood, a kì bá tí gbọ́ orúkọ rẹ̀ rárá. Kí ọdún yẹn tó parí ló ti fara hàn nínú sinimá Joanna. What Price Glory sọ ọ́ di ìràwọ̀ ní 1926, Resurrection tẹ̀ lé e ní 1927, Ramona sì jáde ní 1928. Ẹ̀yìn èyí ni sinimá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Bó ṣe ń pe èdè Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́ kó rí iṣẹ́ mọ́, ló bá padà sílé. Ọ̀rọ̀ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá_Ìwé_Àtijọ́

Ọmọ_Sinimá, òótọ́ ni o sọ nípa 1904, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ̀wé nílò ìdí tí yóò fi dúró lórí rẹ̀. Ìdí náà rèé, Fọláṣadé: ọjọ́ 11 oṣù April ọdún 1921 ni Dolores ṣe ìgbéyàwó àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ pé 1908 ni wọ́n bí i, ọmọ ọdún 12 ni ì bá jẹ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó yẹn. Ọmọ ọdún 16 ló jẹ́. Láyé ìgbà náà, kò sí ohun tó rọrùn ní Hollywood bíi kí wọ́n yọ ọdún mélòó kan kúrò lára ọjọ́ orí òṣèrébìnrin, nítorí náà kí o fi gbogbo ọdún yòókù wọ̀nyẹn sílẹ̀.

Ibi tí n kò ti bá a lọ ni ọ̀rọ̀ ọdún 1925. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ṣe ni yóò dà bí ẹni pé òyìnbó kan ló lọ hú obìnrin náà jáde látinú ilẹ̀. Durango ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gùn: María de los Dolores Asúnsolo y López Negrete. Bàbá rẹ̀ ni olórí báńkì Durango, ìdílé ìyá rẹ̀ sì wà lára àwọn ọlọ́rọ̀ onílẹ̀ ní àgbègbè náà. Nígbà tí Ogun Ìyípadà bẹ́ sílẹ̀ ní Mẹ́síkò ní 1910, tí àwọn ọmọ ogun Pancho Villa, ọ̀kan nínú àwọn olórí ogun náà, sì ń gba ìlú lọ́kọ̀ọ̀kan lápá àríwá, irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ gan-an ni ogun náà ń wá kiri. Bàbá rẹ̀ sá gba Amẹ́ríkà lọ, ìyá rẹ̀ sì gbé e lọ sí Mexico City, níbi tó ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Fáránsé. Púpọ̀ nínú dúkìá wọn ló ṣègbé.

Ìdí tí mo fi ní kí o fi èyí ṣíwájú ni pé sinimá àkọ́kọ́ tó ṣe ní Mẹ́síkò, Flor silvestre ti ọdún 1943, orí ogun yìí kan náà ló dá lé. Ó ṣe ọmọ tálákà alágbàro tí ọmọ onílẹ̀ ọlọ́rọ̀ gbé níyàwó ní ìkọ̀kọ̀. Ọmọ àwọn tó sá fún ogun ló wá fi ojú ara rẹ̀ ṣe ojú àwọn tí ogun náà jà fún. N kò mọ ohun mìíràn nínú ìtàn rẹ̀ tó lè fa òǹkàwé wọlé tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá_Àṣàbí

Ẹ kú ìjíròrò o. Mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń ṣì í kọ. “Del Río” kì í ṣe orúkọ bàbá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́, Jaime Martínez del Río, ló ti wá. Ọkùnrin náà ju Dolores lọ púpọ̀ lọ́jọ́ orí, ọmọ ilé ọlá ni, ó sì fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ lọ sí Hollywood; Jaime ń retí pé òun yóò máa kọ ìtàn fún sinimá níbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìyàwó ló gbòòrò, tirẹ̀ kò gbéra. Wọ́n kọ ara wọn ní 1928, ọkùnrin náà sì kú ní Jámánì kí ọdún yẹn tó parí. Ní 1930 ó fẹ́ Cedric Gibbons, olórí àwọn tó ń ṣètò ibi ìṣeré fún ilé iṣẹ́ sinimá MGM, ẹni tí wọ́n mọ̀ mọ́ yíya ère Oscar. Ìgbéyàwó ìyẹn náà tú ká ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940.

Mo kọ gbogbo èyí kí Fọláṣadé lè mọ̀ ọ́n, kì í ṣe kó lè tò ó sínú ìwé. Mo ti ka àpilẹ̀kọ púpọ̀ nípa òṣèrébìnrin tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ orúkọ ọkọ. Ojú ìwé méjì ni ẹ ní. Gbólóhùn kan tó fún àwọn ọkọ.

Adé_LosAngeles

Ẹ jẹ́ kí n dá Ọmọ_Sinimá lóhùn lórí ọ̀rọ̀ ohùn, nítorí ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyẹn. Òótọ́ ni pé dídé sinimá olóhùn ba iṣẹ́ òṣèré púpọ̀ jẹ́. Kò ba ti Dolores jẹ́. Ọdún 1930 ni ó ṣe The Bad One, tó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ní 1932 ó ṣe Bird of Paradise lábẹ́ King Vidor. Ní 1933 ó ṣe Flying Down to Rio. Sinimá ìkẹyìn yìí ni ayé ń rántí gẹ́gẹ́ bí ibi tí Fred Astaire àti Ginger Rogers ti kọ́kọ́ jó pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe to orúkọ níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: Dolores ló ṣíwájú gbogbo wọn, Astaire wà ní ipò karùn-ún. Ṣé ẹni tí ohùn ti lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn?

Ohun tó há a mọ́ ni irú ipa tí wọ́n ń fún un. Ẹ bá mi kà á: ọmọ Fáránsé ni nínú What Price Glory, ọmọ Rọ́ṣíà nínú Resurrection, ọmọ Sípéènì nínú The Loves of Carmen, obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà wà lára rẹ̀ nínú Ramona, ọmọbìnrin erékùṣù Òkun Pàsífíìkì nínú Bird of Paradise, ọmọ Bùràsíìlì nínú Flying Down to Rio. Gbogbo ayé ni wọ́n fi í ṣe tán, kí ó má ṣáà ti jẹ́ ará ilé. Nígbà tí wọ́n sì fún un ní ipa ọmọ Mẹ́síkò nínú Girl of the Rio ní 1932, ìjọba Mẹ́síkò fi ẹ̀hónú hàn lórí bí sinimá náà ṣe fi ilẹ̀ wọn hàn.

Ère kan wà ní ibi tí Hollywood Boulevard àti La Brea ti pàdé níhìn-ín, bíi ahéré onírin tí òṣèrébìnrin 4 fi orí rù: Dolores, Mae West, Dorothy Dandridge àti Anna May Wong. Àwọn arìnrìn-àjò máa ń ya fọ́tò lábẹ́ rẹ̀ láìmọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Ẹ wo àwọn orúkọ náà dáadáa, ẹ ó rí i pé mẹ́ta nínú mẹ́rin, ìyẹn àwọn tó kù yàtọ̀ sí Mae West, ló jẹ́ obìnrin tí Hollywood fẹ́ràn láti máa wò, ṣùgbọ́n tí kò mọ ipa tí yóò fún wọn.

Ọmọ_Sinimá

Ẹ̀gbọ́n Adé, mo gbọ́ ti ohùn. Àmọ́ ẹ má fi í pamọ́ pé iṣẹ́ náà ń dín kù. Lẹ́yìn In Caliente ní 1935, kí ló kù? Lancer Spy ní 1937, International Settlement ní 1938, The Man from Dakota ní 1940, kò sì sí èyí tó tóbi nínú wọn bíi ti ìṣáájú. Ẹni tí ọjà rẹ̀ ń tà kì í kó àtẹ rẹ̀ nílẹ̀. Èmi ṣì gbà pé Hollywood ló kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, kí òun náà tó kọ Hollywood.

Bàbá_Ìwé_Àtijọ́

Òtítọ́ wà nínú ìyẹn, àbúrò, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìhà kejì, nítorí pé ènìyàn kì í kúrò níbì kan láìsí ibi tó ń lọ.

Ní 1942, Dolores ti tú ìgbéyàwó kejì ká, òun àti Orson Welles, òṣèré àti olùdarí sinimá ọmọ Amẹ́ríkà, sì ti fẹ́ràn ara wọn. Àwọn méjèèjì jọ ṣe Journey into Fear, tó jáde ní 1943. Ìfẹ́ yẹn parí. Bàbá rẹ̀ kú lákòókò yìí kan náà. Ó padà sí Mẹ́síkò. Títí dé ibí yìí, ẹ lè pè é ní ìtàn ẹni tí nǹkan bà jẹ́ mọ́ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ogun àgbáyé. Ní oṣù May ọdún 1942, Mẹ́síkò kéde ogun, ó sì dara pọ̀ mọ́ Amẹ́ríkà àti àwọn alájọṣe rẹ̀. Ajẹntínà kò dara pọ̀ nígbà náà. Àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì yìí ló ń du ipò kìn-ínní nínú sinimá èdè Sípéènì, Amẹ́ríkà ló sì ń ta róòlù fíìmù òfìfo tí wọ́n ń ya àwòrán sí. Wọ́n dín ti Ajẹntínà kù gidigidi, wọ́n ń fún Mẹ́síkò ní tirẹ̀, wọ́n tún fún un ní ẹ̀rọ àti ìrànlọ́wọ́ mìíràn. Nítorí náà, ìgbà tí Dolores dé ilé gan-an ni sinimá Mẹ́síkò ní fíìmù, tó ní owó, tó sì ní ọjà láti ilẹ̀ rẹ̀ títí dé gúúsù Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ilé ìfẹ̀yìntì ló padà sí. Ilé iṣẹ́ tó ń gbóná ni.

Ẹgbẹ́ tó bá níbẹ̀ náà kò kéré. Emilio Fernández, tí wọ́n ń pè ní El Indio, ni olùdarí. Gabriel Figueroa ló di kámẹ́rà mú. Mauricio Magdaleno ń kọ ìtàn. Pedro Armendáriz ni ọkùnrin tó ń bá a ṣeré. Láàárín ọdún mélòó kan, wọ́n jọ ṣe Flor silvestre, María Candelaria, Las abandonadas àti Bugambilia. Bí Figueroa ṣe ń ya ojú ọ̀run àti ìkùukùu, tó sì fi ojú Dolores sísàlẹ̀ wọn, ó di ohun tí àwọn ènìyàn fi ń dá sinimá Mẹ́síkò mọ̀ káàkiri ayé. Ó ti pé ọmọ ọdún 38 nígbà tí Flor silvestre jáde, òun sì ni sinimá àkọ́kọ́ tó fi èdè abínibí rẹ̀ ṣe. Ẹ fi ìyẹn ro ó: ọdún 17 ní Hollywood kó tó ráyè sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé.

Fọláṣadé_Akọ̀wé

Ẹ ṣeun púpọ̀, Bàbá. Ọ̀rọ̀ róòlù fíìmù yẹn kò sí nínú ohunkóhun tí mo kà. Ìbéèrè méjì ló kù mí kù lórí María Candelaria. Ṣé òótọ́ ni pé òun ló gba ẹ̀bùn tó ga jù ní Cannes, àjọ̀dún sinimá ilẹ̀ Fáránsé? Ṣé òótọ́ sì ni pé orí bébà ìnuwọ́ ni Fernández kọ ìtàn náà sí láti fi ta Dolores lọ́rẹ ọjọ́ ìbí? Mo tún kà pé Fernández ni wọ́n wò yá ère Oscar.

Ìyá_Àṣàbí

Ti Cannes: òótọ́ ni, àmọ́ ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí. Ọdún 1946 ni, ìgbà tí àjọ̀dún náà kọ́kọ́ wáyé, sinimá 11 láti orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì jọ fún ní Grand Prix. Rome, Open City ti Ítálì wà lára wọn, Brief Encounter ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà wà níbẹ̀. Figueroa tún gba ẹ̀bùn fún àwòrán yíyà. Iyì ńlá ni fún Mẹ́síkò, ṣùgbọ́n kò dá nìkan gbà á.

Ti bébà ìnuwọ́ àti ti Oscar: ìtàn tí àwọn tó mọ̀ wọ́n ń sọ ni méjèèjì, Fernández fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn nípa ara rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ kọ ọ́ pé “wọ́n ní”. Ti Oscar yẹn ní pàtàkì, èmi kò ní fi í sí i rárá.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kò ní dùn mọ́ Bàbá nínú. María Candelaria kò tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀. Ọmọbìnrin Xochimilco, àgbègbè kan ní Mexico City, tó ń ta òdòdó ni wọ́n ní ó jẹ́, ọmọ ìbílẹ̀ Mẹ́síkò, tálákà tí àwọn ará ìlú rẹ̀ ti ta nù nítorí ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe. Ta ni wọ́n wá fi ṣe é? Ọmọ olórí báńkì, aláwọ̀ funfun, tó ti ń súnmọ́ ọmọ ogójì ọdún, tí Hollywood ti kọ́ bí a ṣe ń gbé ojú sí iná kámẹ́rà. Wọ́n wé gèlè sí i lórí, wọ́n ní kó má wọ bàtà, wọ́n sì ní kó máa wolẹ̀ bó bá ń sọ̀rọ̀. Adé sọ pé Hollywood ń fi í ṣe ẹni tí kì í ṣe; èmi kò rí i pé Mẹ́síkò ṣe ohun tó yàtọ̀ sí ìyẹn.

Olùdarí_Ìtàgé

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, Ìyá Àṣàbí ló wá fà mí jáde. Mà, mo gba ohun tí ẹ sọ nípa María Candelaria ní ìlàjì. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ní Mẹ́síkò ti ń sọ pé àwòrán ẹlẹ́wà ni sinimá náà fi àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ṣe, kì í ṣe ènìyàn. Ibi tí mo ti yàtọ̀ ni pé ẹ kò lè fi sinimá kan ṣèdájọ́ òṣèré. Àmì-ẹ̀yẹ Ariel, tó ga jù ní sinimá Mẹ́síkò, ó gbà á ní ẹ̀ẹ̀mẹta: fún Las abandonadas, fún Doña Perfecta àti fún El niño y la niebla. Kò sí ipa ọmọbìnrin tó ń ta òdòdó nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Doña Perfecta ti ọdún 1951 jẹ́ obìnrin ọlọ́rọ̀, olùfọkànsìn, tí ọkàn rẹ̀ le bí òkúta. El niño y la niebla ti 1953 jẹ́ ìyá tí ẹ̀rù wèrè tó wà nínú ìdílé rẹ̀ ti gba ọkàn rẹ̀.

Èyí gbé mi dé ọ̀dọ̀ Fọláṣadé àti ìtàgé. Ẹni tó bá pín ìtàn rẹ̀ sí ti sinimá níhìn-ín, ti ìtàgé lọ́hùn-ún, kò ní rí bí wọ́n ṣe so mọ́ra. Eré orí ìtàgé ti Rodolfo Usigli ni El niño y la niebla kó tó di sinimá. La malquerida, tó ṣe pẹ̀lú Fernández ní 1949, eré orí ìtàgé ti Jacinto Benavente, ọmọ Sípéènì, ni. Ó ti ń sọ ọ̀rọ̀ àwọn òǹkọ̀wé ìtàgé lójú kámẹ́rà tipẹ́tipẹ́ kó tó dúró níwájú èrò.

Ìgbà tó wá dúró níwájú wọn, ó ti lé ní 50 ọdún. Ẹ ronú nípa ìgboyà tí ìyẹn gbà. Òṣèré tó ti lò ó ju ọdún 30 lọ nídìí iṣẹ́ tí olùdarí ti lè ní “ẹ jẹ́ ká tún un ṣe”, ló wá lọ síbi tí kò sí àtúnṣe. Ní 1956, ó ṣe Anastasia káàkiri àwọn ilé eré ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1958, ó gbé Lady Windermere's Fan ti Oscar Wilde wá sí Mẹ́síkò lédè Sípéènì. Lẹ́yìn èyí, ní àwọn ọdún 1960, ó ṣe Ghosts ti Henrik Ibsen; ó ṣe Dear Liar, eré tó jẹ́ òṣèré méjì péré ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń fi lẹ́tà bá ara wọn sọ̀rọ̀; nígbà tó sì ti kọjá ọmọ 60 ọdún, ó ṣe La dama de las camelias. Àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ̀wé sí, ti Dear Liar yẹn ni kí ẹ gbé sí iwájú wọn: kò sí ijó, kò sí ìkùukùu Figueroa, ohùn àti ojú nìkan ló kù fún un.

Ọmọ_Sinimá

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú, ṣùgbọ́n ṣé kì í ṣe ọkọ rẹ̀ kẹta, Lewis Riley, ló ń gbé àwọn eré ìtàgé wọ̀nyẹn jáde? Ẹni tí ọkọ rẹ̀ ni ilé eré, ṣé ó yẹ kí ẹnu yà wá pé ó rí ipa?

Olùdarí_Ìtàgé

Riley ló gbé wọn jáde lóòótọ́. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, wọ́n sì fẹ́ra ní New York ní 1959. Ṣùgbọ́n wo ọdún náà. Anastasia àti Lady Windermere's Fan ti ṣáájú ìgbéyàwó yẹn. Yàtọ̀ sí èyí, ọkọ lè san owó iná, ó sì lè san owó aṣọ; kò lè bá ìyàwó rẹ̀ há ọ̀rọ̀ Ibsen sórí, kò sì lè jókòó sí gbogbo àga tó wà nílé eré.

Adé_LosAngeles

Ohun kan wà tí ẹ kò tíì fọwọ́ kàn, ó sì dáhùn ìbéèrè “kí ló mú un kúrò ní Amẹ́ríkà” láti ọ̀nà mìíràn. Ní 1954, ilé iṣẹ́ Fox fẹ́ kó wá ṣe ìyàwó Spencer Tracy nínú Broken Lance. Ìjọba Amẹ́ríkà kò fún un ní ìyọ̀ǹda láti wọlé wá ṣiṣẹ́. Ìgbà náà ni wọ́n ń dọdẹ àwọn kọ́múníìsì kiri ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì fura sí i nítorí àwọn tó ń bá rìn àti àwọn ìpolongo tó fọwọ́ sí. Katy Jurado, ọmọ Mẹ́síkò bíi tirẹ̀, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ipa yẹn sì sọ Jurado di obìnrin Mẹ́síkò àkọ́kọ́ tí wọ́n dárúkọ fún Oscar.

Nítorí náà, Ọmọ_Sinimá, ní 1942 ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ kúrò; ní 1954 ni wọ́n tilẹ̀kùn. Kí ẹ má da méjèèjì pọ̀. Ilẹ̀kùn náà sì tún ṣí: ní 1960 ó ṣe ìyá Elvis Presley nínú Flaming Star, ní 1964 ó sì ṣe Cheyenne Autumn fún John Ford, ẹni tó ti bá ṣiṣẹ́ ní Mẹ́síkò nínú The Fugitive ní 1947. Obìnrin ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n tún fi í ṣe nínú méjèèjì, ṣé ẹ rí i? Àtijọ́ kò yí padà.

Ìyá_Àṣàbí

Adé, èyí tí ẹ sọ yìí dára, ó yẹ kó wọ ojú ìwé méjèèjì. Mo fi kún un pé ní 1959, ó ṣe La Cucaracha pẹ̀lú María Félix, ìràwọ̀ kejì tí àwọn oníròyìn ń fi wé e. Gbogbo ènìyàn ń retí pé wọn yóò jà lẹ́nu iṣẹ́. Wọn kò jà.

Olùdarí, mo ti gbọ́ ti Doña Perfecta, èmi yóò sì tún un wò. Ti María Candelaria, ibi tí mo dúró sí ni mo ṣì wà.

Fọláṣadé, ohun kan ṣoṣo tí n kò fẹ́ kí ẹ fi sílẹ̀ ni ilé ìtọ́jú ọmọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Dolores kó àwọn òṣèrébìnrin mìíràn jọ nínú ẹgbẹ́ àwọn òṣèré Mẹ́síkò, ANDA, wọ́n sì dá ilé kan sílẹ̀ tí àwọn òṣèré lè fi ọmọ wẹ́wẹ́ sí nígbà tí wọ́n bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Òun ló darí rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi pe ilé náà. Òun alára kò bímọ. Ẹni tó bá ti ṣe ìfidánrawò eré pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn yóò mọ̀ pé iṣẹ́ yìí tó Ariel kan.

Fọláṣadé_Akọ̀wé

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rẹ̀ yín o. Mo ti pinnu báyìí. Flor silvestre ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, ibi tí ọmọ olórí báńkì Durango ti wọ aṣọ ọmọ alágbàro, kí n tó yí padà sí ogun, sí Carewe àti sí àwọn ipa tí Hollywood fún un. Ti 1954 yóò wà ní àárín, ìtàgé ni yóò gba gbogbo ojú ìwé kejì, pẹ̀lú ilé ìtọ́jú ọmọ nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọkọ ti gba gbólóhùn kan. Mo fẹ́ fi The Children of Sanchez ti 1978 parí, nítorí pé òun ni sinimá ìkẹyìn rẹ̀, kí n sì wá sọ pé ó kú ní California ní ọjọ́ 11 oṣù April ọdún 1983. Olóòtú tún ní kí n dárúkọ sinimá kan tí wọn yóò jọ wò ní ìpàdé ẹgbẹ́. Ṣé María Candelaria náà ni?

Bàbá_Ìwé_Àtijọ́

Ètò yẹn dára. Mo fara mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ yóò tún gbọ́ ẹjọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó fẹ́ kí Hollywood ṣíwájú. Fi kún un pé lẹ́yìn ikú rẹ̀ wọ́n gbé eérú rẹ̀ lọ sí ibi ìsìnkú àwọn ènìyàn ńlá Mẹ́síkò ní Panteón de Dolores. Ní ti sinimá ìpàdé, Olùdarí ló yẹ kó dáhùn.

Olùdarí_Ìtàgé

La otra ni, ti ọdún 1946, tí Roberto Gavaldón darí. Ìbejì ni wọ́n nínú rẹ̀, ọ̀kan tálákà, ọ̀kan opó ọlọ́rọ̀, Dolores ló sì ṣe méjèèjì. Tálákà pa ọlọ́rọ̀, ó wọ aṣọ rẹ̀, ó sì wọ ayé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì fẹ́ kó buwọ́ lùwé, ó fi irin gbígbóná jó ọwọ́ ara rẹ̀ kí wọ́n má bàa mọ̀ pé ìfọwọ́sí náà yàtọ̀. Bette Davis ṣe ìtàn yìí kan náà ní Amẹ́ríkà ní 1964, nínú Dead Ringer. Bí ẹ bá rí èyí náà, ẹ fi wọ́n wéra. Kí àwọn ọ̀dọ́ náà pa ohùn sinimá náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tí ìbejì méjèèjì bá jọ wà lójú àwòrán, kí wọ́n sì gbìyànjú láti sọ ẹni tó jẹ́ tálákà àti ẹni tó jẹ́ ọlọ́rọ̀ láti ara bí wọ́n ṣe dúró nìkan, láìwo aṣọ ọrùn wọn.